Ológoṣẹ́ Karùn-ún



Ẹ má ṣe pe ológoṣẹ́ ní ẹ̀gà. Akọ ẹ̀gà a máa pọ́n bí ìyeyè, a sì máa hun ìtẹ́ rọ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ pẹ̀lú ariwo. Orí ológoṣẹ́ tiwa rí bí eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí obì gbígbẹ, akọ àti abo sì jọra. Ilẹ̀ pápá ni í ti í ṣa èso koríko jẹ. Inú ihò ògiri àti abẹ́ páànù ni í yé sí, àní ní òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yìí.

Ní ayé Olúwa wa, ìbátan rẹ̀ ni àwọn tálákà ń rà jẹ. Mátíù ní méjì jẹ́ owó ẹyọ kan. Lúùkù ní márùn-ún jẹ́ ẹyọ méjì. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ ṣírò rẹ̀: èènì ni ìkarùn-ún! Ẹni tí ń tà á kò díye lé e. Síbẹ̀ Jésù ní Ọlọ́run kò gbàgbé ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọdébìnrin tí í pọn ọmọ ọlọ́mọ sẹ́nu ọ̀nà títí Mísà fi í parí, ta ni nínú wa mọ orúkọ rẹ̀? Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni èmi pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè.