Náílọ̀n Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo ti da ilẹ̀ sódò Ògùnpa rí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ilé Màmá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, kò jìnnà sódò náà n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń lo ìsinmi nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, gbogbo àdúgbò á máa gbé pàǹtí jáde: "Ẹ tètè, òjò ń bọ̀!" Èmi náà á gbé agbọ̀n ilẹ̀ tiwa, ó di gbàà! Omi á gbé e lọ, ilé wa á mọ́, a ó sì wọlé lọ jẹ àmàlà.

Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀. Èmi náà ò rò ó títí di ọjọ́ tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì jọ wọ máíkírà lọ sí Dùgbẹ̀. Bí a ṣe ń kọjá lórí afárá Ògùnpa, ó mu píọ́ wọ́tà tán, ó ju náílọ̀n ẹ̀ síta. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kí lo ṣe yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wo ìsàlẹ̀ yẹn ná. Bí mi ò bá jù ú, ṣé odò yìí máa torí ẹ̀ mọ́ ni? Bí mo bá sì jù ú, ṣé náílọ̀n kan ṣoṣo ló máa fa omíyalé?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ká sọ tòótọ́, ìṣirò rẹ̀ pé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò síwájú díẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí n'Ìbàdàn. Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, èèyàn tó lé ní 100 ló sì kú. Òjò nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn èèyàn ti kọ́lé mọ́ bèbè odò, pàǹtí sì ti dí abẹ́ afárá. Omi tí kò rí abẹ́ afárá gbà, inú yàrá ẹni ni yóò gbà. Wọ́n fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ odò náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi tún ya wọ ìlú, afárá já, èèyàn tó lé ní 100 tún kú. Nígbà tó di 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là láti fi dènà omíyalé n'Ìbàdàn. Owó yíyá ni o. Àwa àti àwọn ọmọ wa la máa san án.

Màmá àgbà ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta èlùbọ́ nísàlẹ̀ odò nígbà náà. Wọn ò rí òkú rẹ̀ títí dòní. Mo bi wọ́n léèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ń da ilẹ̀ sódò nígbà yẹn?" Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo wa la dà á, ọmọ mi. Ta ló mọ èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ gan-an ni Màmá náà sọ, àmọ́ ẹ̀rín ni ọ̀rẹ́ mi fi sọ tiẹ̀. Ohun tí mo wá rò ni pé ẹ̀bi kì í ṣe búrẹ́dì, tó jẹ́ pé bí àwọn tó ń pín in bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ti oníkálukú á máa kéré sí i. Bí èèyàn mẹ́wàá bá na ọmọ kan títí tó fi kú, ṣé adájọ́ á sọ pé ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ikú ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òun náà la sì fi ń ba odò jẹ́.

Ẹnìkan á ní ká padà sí ìbẹ̀rù tí àwọn baba wa ní fún odò. Mi ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ọ̀ṣun. Wọ́n ń bọ ọ́ dòní, UNESCO sì ti ka igbó rẹ̀ ní Òṣogbo mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Síbẹ̀ àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè ti sọ omi rẹ̀ di ẹrẹ̀. Ọwọ̀ tí ará ìsàlẹ̀ ní kò lè gba odò lọ́wọ́ ará òkè.

Ẹlòmíì á ní ìjọba ló jẹ̀bi. Òótọ́ ni! Níbi tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé, kí ni ẹ fẹ́ kí tálákà ṣe? Màmá àgbà ti ń sanwó fún ọlọ́mọlanke kan báyìí pé kó máa bá àwọn kó tiwọn. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kan ni mo bá tẹ̀ lé e. Kò rìn jìnnà. Etí odò kan náà, nísàlẹ̀ ibi tí èmi ti máa ń dà á, ló dà á sí.

Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní, "Èmi ti sanwó tèmi." Mo fẹ́ bá wọn jiyàn, àmọ́ mo rántí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èmi náà tẹ̀ lé ìdọ̀tí mi dé ibi tó ń lọ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ibi tí mo fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kátapílà lè kó Ògùnpa mọ́ lónìí, àmọ́ títí a ó fi mọ ibi tí tiwa ń sùn sí, òjò kan péré ló máa dọ̀tí padà. Ìmọ́tótó kò parí sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹni. Ẹni tó ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bà.

Yorùbá ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú báyìí, tí mo bá ń gbọ́ "Ẹ tètè, òjò ń bọ̀", ó máa ń ṣe mí bíi pé àwa ni.