Ṣebí Ìrù Ẹ̀ Á Hù Padà?

Kò sí àdúgbò tí ẹ máa wọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, ì báà ṣe Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò, tí ẹ ò ní rí alángbá tó ń mirí lórí fẹ́ǹsì àti ọmọ-ńlé lára ògiri yàrá. Níbi tí wọ́n bá wà, àwọn ọmọdé á máa sọ wọ́n lókùúta. Ẹ bá wọn wí, wọ́n á ní, "Ṣebí ìrù ẹ̀ á hù padà?"

Ọ̀rọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀. Ṣé ohun tó bá máa hù padà kì í ṣe ìpalára mọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń hù. Àwọn ibì kan wà nínú egungun ìrù ọmọ-ńlé tó rọrùn láti já. Bí ológbò bá gbá ìrù yẹn mú, iṣan á fún pọ̀, ìrù á já, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ìrù tó já á máa ta pàtìpàtì nílẹ̀. Ológbò á gbájú mọ́ ọn, ọmọ-ńlé á ti sá lọ. Alángbá ní tiẹ̀ kì í tètè jù ú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá sì gé, èyí tó ń hù kì í sábà gùn tó ti àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Inú ìrù ni ọmọ-ńlé ń tọ́jú ọ̀rá sí de ìgbà tí oúnjẹ bá wọ́n. Gbogbo ẹ̀ ló bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni tuntun fi ń hù. Èyí tó hù ọ̀hún kò sì ní egungun oríkèé-oríkèé mọ́. Egungun rírọ̀ kan, irú èyí tó wà ní etí wa, ló wà nínú ẹ̀. Ìrù hù lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìrù àná.

Àwa èèyàn náà ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọdé yẹn. Ọ̀gá tó fìyà jẹ ọmọṣẹ́ á ní, "Ṣé ẹ rí bó ṣe gbọ́n lónìí? Èmi ni mo kọ́ ọ." Lánlọ́ọ̀dù tó da ẹrù ayálégbé síta nínú òjò á ní, "Ṣebí ó ti kọ́lé tiẹ̀ báyìí?"

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katakata tó ń ṣe ọ̀nà gbá páìpù epo ní Ìjẹ̀gùn, nítòsí Ìkòtún. Iná sọ, ẹ̀mí ṣòfò. Lónìí, àwọn èèyàn ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń ṣòwò. Ṣé torí pé ayé ń lọ, ẹni tó pàdánù ọmọ kò pàdánù mọ́?

Ẹnì kan lè ní, ṣé ká máa sunkún títí ni? Rárá o. Ká yin ẹni tó ṣubú tó tún dìde, torí agbára ńlá ni. Àmọ́ ẹni tó dìde ló ni ìyìn, kì í ṣe ẹni tó tì í. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹni tí a rò pé ó ti bọ́ sípò lè ṣì máa fi ìrù tí kò léegun rìn láàárín wa.

Nítorí náà, bí ọmọdé bá tún ní ìrù á hù padà, ẹ dá a lóhùn pé: òótọ́ ni, àmọ́ alángbá ló máa hù ú, kì í ṣe ìwọ.