Ìtàn Tí Ń Bá Olùgbọ́ Wí

Ó dára bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ń fi ìtàn kìlọ̀ fún wa nípa ìbàjẹ́ ilẹ̀ àti omi. Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá wí?

Ẹ jẹ́ kí a fi omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ṣe àpẹẹrẹ. Òjò rọ̀ púpọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a dà sínú odò, àti ilé tí a kọ́ sí etí rẹ̀, ti dí omi lọ́nà. Ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń pìtàn yìí bá dá òjò àti ìjọba nìkan lẹ́bi, olùgbọ́ yóò kẹ́dùn, yóò sì tún da ìdọ̀tí sódò lọ́la.

Wòlíì Nátánì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pa òwe ọ̀dọ́-àgùntàn fún Dáfídì ọba. Nígbà tí ọba bínú sí ọlọ́rọ̀ inú òwe náà, Nátánì fi hàn án pé òun gan-an ni. Nígbà náà ni ọba ronú pìwà dà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti fi iṣẹ́ tí agbára olùgbọ́ ká parí ìtàn wọn: kí olúkúlùkù kó ìdọ̀tí rẹ̀ síbi tí ó tọ́, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún odò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Olúwa fún wa ní etí ìgbọ́ràn. Àmín.