Ẹni a Bá Lábà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni a wò nígbà náà kí a tó sọ ọ̀pẹ òyìnbó lórúkọ? Èso yìí kì í ṣe ti òyìnbó rárá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín. Nígbà tí Columbus gúnlẹ̀ sí erékùṣù Guadeloupe ní ọdún 1493, ó bá a lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pòtétò tí a ń pè ní Áírìṣì lọ́jà. Orí òkè Andes ní ilẹ̀ Pérú ni orírun rẹ̀. Ará Ireland gbára lé e débi pé ìyàn ńlá mú nígbà tí àrùn kọlu oko rẹ̀ ní 1845. Síbẹ̀, jíjẹ ni wọ́n jẹ ẹ́, àwọn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín.

Àṣìpè yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni a ti kọ́kọ́ sin tòlótòló, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ilẹ̀ Tọ́kì pè é, ará Tọ́kì ní ti Íńdíà ni, Potogí sì ní ti Pérú ni.

Ǹjẹ́ irọ́ ni orúkọ báwọ̀nyí? Ní èrò tèmi, wọn kì í ṣe irọ́. Ẹni a bá lábà ni baba: ẹni tí ó kó oúnjẹ náà dé ọ̀dọ̀ wa ni a fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọdé tí ó ń gbọ́ orúkọ yìí lójoojúmọ́ yóò gbà pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ohun dídùn gbogbo ti ń wá. Àwọn tí a ti gba ilẹ̀ wọn, a tún gba iyì iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́ ọn.

Kí a má sì dá òyìnbó nìkan lẹ́bi. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ń jẹ́ orúkọ Yorùbá gidi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá.

N kò ní kí a yí orúkọ kankan padà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, bí a bá ń kọ́ ọmọ ní orúkọ oúnjẹ, kí a kọ́ ọ ní ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ru ẹrù dé, ó yẹ kí a rántí ẹni tí ó di ẹrù.