“N Ó Kọ́ Ọ Lọ́gbọ́n”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn èrò Ọjà'ba ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó ní Ìbàdàn, mo rí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan tí ọmọ rẹ̀, ọmọdébìnrin tí kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ, kọsẹ̀ lu igbá, tí ẹ̀lùbọ́ sì dà sínú iyẹ̀pẹ̀. Kí ọmọ náà tó gbé ojú sókè, ìyá ti na ìka sí i, ó ní, “N ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n lónìí!” Ọmọ náà kò dúró gbọ́ èyí tí ó kù. Ó ti fi apá méjèèjì bo orí, nítorí ó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ ní ilé wọn.

N kò dá ìyá náà lẹ́bi níbẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí ẹ̀lùbọ́ tó dànù jẹ́ fún ẹni tí ó ti wà lórí ìdúró láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá mi délé. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń kọ́ ilé tí a fi ń kọ́ ọmọ, àwọn baba wa tí ó sì kọ́ àwọn agbo-ilé Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà kò fi ìkánjú ṣe é. Wọn a fi ẹsẹ̀ po amọ̀ títí yóò fi rọ̀, wọn a mọ ìpele kan yí ilé ká, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí oòrùn àti atẹ́gùn gbẹ ẹ́, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá gbé ìpele kejì lé tútù, wíwó ni yóò wó mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá àgbà kan tí mo mọ̀ ní Bẹyẹrúnkà ṣe ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìkíni: òun fúnra rẹ̀, tòun ti orúnkún tí ń dùn ún, ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀, tí yóò ní, “Ẹ káàárọ̀ o,” tí yóò sì dúró de ọmọ náà; bí ó bá gbàgbé, yóò fi oríkì rẹ̀ pè é, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn: wọ́n ní àwọn ń tọ́ ọmọ. Ohun tí ó tọ́ ni ohun tí kò wọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tọ́ ọmọ sí ọ̀nà, òun náà gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà náà. Ẹ sì wo bíbá ọmọ wí: bá ni a ń bá a wí, ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ pàṣán; wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n lò ó, nígbà mìíràn kọjá ààlà; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, wọn a fi òsì fà á mọ́ra.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ìwé dé. Nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, ìjòyè Olúńlọ́yọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, ohun tí Olúńlọ́yọ̀ ṣe fún ọmọ méjì di ti gbogbo ilé, ọ̀rọ̀ tí ó sì gba ẹnu wa ni pé a ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, bí ẹni rán ni níṣẹ́. Ti àwọn kéékèèké tún wá, a pè é ní jẹ́léósinmi: ìsinmi ilé ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọmọ. Ire ńlá ni ilé-ìwé, n kò sì lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn tí a ti rán ìwé kíkọ́ jáde, pàṣán nìkan ni ó kù sílé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa tí à ń pè ní ọgbọ́n.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Báwo wá ni ọmọ yóò ṣe di ẹni tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó, bí odidi ọ̀rọ̀ tí ó ń gbọ́ láti kékeré bá jẹ́ ìhàlẹ̀? Ọmọlúàbí kì í parọ́ fún ọmọdé, irọ́ sì ni kí a pe ìbínú wa ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ yẹn kò tíì mọ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ láàárín igbá; bí a bá nà án, kò ní tíì mọ̀ ọ́n síbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti baba ọmọ ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ọjọ́ tí inú bá bí yín tí ẹ fẹ́ na ọmọ, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ nà á, kí ẹ sì fi “kọ́” sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ó fà á lọ́wọ́ láàárín igbá, tí ẹ ó fi ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà hàn án.