Ìjánu Tí A Kò Fojú Rí

Ní Ọ̀jọ́, létí Navy Town, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogun ojú omi bi mí léèrè nígbà kan pé, bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kò bá lè kọjú sí ibi tí ó wù ú, ta ni ó ń jẹ gàba lé e lórí? Mo ní agbára òòfà ilẹ̀ ayé ni. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ náà ń wádìí gan-an ni pé: ẹni tí ó ń ká wa lọ́wọ́ kò, ṣé oore ni ó ń ṣe wá ni, tàbí ibi?

Ẹ jẹ́ kí á wo bí oòrùn àti àwọn ayé tí ń yí i po ṣe bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn. Ìkùukùu afẹ́fẹ́ òun eruku ni ó ń rọ́ jọ sí àárín gbùngbùn. Bí ó ti ń kì sí i ni ó ń yí kíkankíkan sí i, títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Yíyí yìí kì í jẹ́ kí ohun inú àwo náà wọ inú ìràwọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí. Níbẹ̀ ni òòfà ti wúlò: ó ń dín eré afẹ́fẹ́ náà kù, ó sì ń gbé agbára yíyí rẹ̀ jáde lọ sí òde. Èyí tí a dín eré rẹ̀ kù ni ó ń rí ọ̀nà wọlé.

Kì í ṣe àròsọ lásán. Òkúta kan já láti ojú ọ̀run sí Semarkona, ní Íńdíà, ní 1940. Ní 2014, àwọn oníwádìí fi hàn pé àwọn hóró inú rẹ̀ ṣì ń pa ìrántí òòfà ìgbà ìwáṣẹ̀ náà mọ́. Agbára rẹ̀ tó nǹkan bí 54 microtesla. Ti ilẹ̀ ayé wa lónìí wà láàárín nǹkan bí 25 sí 65.

Àwa olùkọ́ yóò fẹ́ dánu dúró síhìn-ín, kí á gbé pàṣán wa sókè pé, “Ẹ ò rí i!” Ó ku apá kan. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé bí òòfà bá di afẹ́fẹ́ náà mú ṣinṣin jù, yíyí yóò dúró, àwo kò ní tẹ́, àyè tí ayé kan yóò ti mọ kò sì ní sí. Díẹ̀ péré nínú afẹ́fẹ́ náà ni iná mànàmáná wà lára rẹ̀. Òòfà kò lè di ìyókù mú tó bẹ́ẹ̀. Àlàfo yẹn ni a fi rí ilẹ̀ tẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà. Kò gbà tán. Ó ní abẹ́rẹ́ kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ènìyàn lè bi ẹni tí ó dì í mú pé, kí ló dé? Mo gbà fún un.