Owó Olówó Lọ́wọ́ Ẹni

 

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá, ó ní kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn ilé-iṣẹ́ kan pa fún 180 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ orúkọ wọn: Risevest, Bamboo, Trove àti Chaka, àwọn tó ń bá ará ilé ra ìpín ìdókòwò Amẹ́ríkà látorí fóònù. Báǹkì ní wọn kò ní ìwé àṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé dọ́là tí wọ́n ń wá kiri ń pa náírà lára. Adájọ́ gbà fún un. Àwọn tí wọ́n ti àkáǹtì wọn pa kò sí ní kóòtù lọ́jọ́ náà láti sọ tẹnu wọn.

Risevest kò gbà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí kóòtù. Ní oṣù kẹwàá, Adájọ́ Taiwo Taiwo ní kí wọ́n ṣí àkáǹtì rẹ̀. Ìwé ìlànà tí báǹkì kọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe òfin, ẹni tó bá tàpá sí i kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọ̀daràn. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà náà sọ pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí òfin tí a kọ sílẹ̀ kò dárúkọ.

Inú mi dùn nígbà yẹn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ọ̀dọ́ bíi tèmi ló dá irú ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n borí. Àmọ́ nínú aáwẹ̀ yìí, mo ń ka Súrátù Nisáì lẹ́yìn sààrì, mo dé áyà 5 àti 6, mo dúró. Ọlọ́hun fi àyè sílẹ̀ kí a di owó mú fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò tíì pé, àti fún ọmọ òrukàn. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìdádúró ni àbòsí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó so mọ́ ọn: kí a máa bọ́ wọn, kí a wọ̀ wọ́n láṣọ, kí a bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, kí a dán ọmọ òrukàn wò, kí a dá owó padà tí ó bá ti gbọ́n, kí a sì pe ẹlẹ́rìí. Iṣẹ́ ńlá ni lọ́rùn ẹni tó di owó mú. Ẹ tún rántí ohun tí Anabi (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ Áliyù nígbà tó rán an lọ sí Yemen, pé kó má dájọ́ títí yóò fi gbọ́ ti ẹnì kejì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Àwa 12 là ń dá àjọ ní Peckham níbí, ọwọ́ mi ni owó ń wà. Nígbà tó kan àǹtí kan láti kó o, ẹnì kan sọ fún mi pé ó fẹ́ lọ kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ jìbìtì ní Èkó. Mo dá owó náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá pè, mo máa ń ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báǹkì ṣì ń yẹ nǹkan wò.” Irọ́ ni. Lọ́kàn mi, mò ń dáàbò bò wọ́n ni. Kò sí ohunkóhun nínú àdéhùn àjọ wa tó fún mi ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bi wọ́n léèrè.

Ọjọ́ tí mo bi wọ́n, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ni. Lọ́yà wọn ti yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó pé. Ẹlòmíràn ti rà á báyìí, nítorí owó wọn kò tètè dé.

Mo fi owó náà ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì kọ ọ́ pé kí wọ́n dárí jì mí. Èsì tí wọ́n fún mi ni, “Alhamdulillah, ó ti wọlé.” Mo ti kà á tó ìgbà mẹ́ta, mo ń wá bóyá ìdáríjì wà nínú rẹ̀. Mi ò tíì lè pè wọ́n.